Àtàǹpàkò mi ní Ọdún Ọlọ́jọ́ Ilé-Ifẹ̀

A gba Aṣẹ́jíré, a gba Ìkirè, mo ra dòdò Ìkirè lójú fèrèsé ọkọ̀, kí n sì tó jẹ ẹ́ tán, a ti kọjá Gbọ̀ngán. Ọdún Ọlọ́jọ́ ni mo ń lọ yà.

Lọ́dún tó ṣáájú, ìbànújẹ́ ni mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀. Àwọn Lókòlókò, ẹ̀ṣọ́ ààfin, ń sáré bọ̀, ẹfun lára, pàṣán lọ́wọ́, mo sì rò pé mo ti mú wọn sínú kámẹ́rà mi. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé etí fìlà ẹni tó gba iwájú mi kọjá ló mọ́ kedere. Ojú àwọn Lókòlókò dà bí ohun tí wọ́n sọ sínú omi. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ní Lágere ni mo kọ́kọ́ lọ bá lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo àwòrán náà títí.

"Àbúrò, iṣẹ́ méjì lo gbé fún bọ́tìnì kan. Òun ló ń wá fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó máa mọ́ kedere nínú àwòrán, òun náà ló ń yà á. Gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ ló ń tún fókọ́ọ̀sì wá, ẹni tó bá sì dí ọ lójú lásìkò yẹn ló máa mú."

Ó gba kámẹ́rà, ó yọ fókọ́ọ̀sì kúrò lára bọ́tìnì òkè, ó fi í sílẹ̀ fún bọ́tìnì AF-ON tó wà lẹ́yìn, níbi tí àtàǹpàkò ń sinmi sí. Àwọn kámẹ́rà tí kò ní AF-ON, ọ̀pọ̀ wọn ló ṣeé gbé e sí bọ́tìnì mìíràn lẹ́yìn. Ó tún yí i sí fókọ́ọ̀sì tí kì í sinmi: AF-C lára Nikon àti Sony, AI Servo lára ọ̀pọ̀ Canon. Láì ṣe èyí, asán ni gbogbo rẹ̀ fún ohun tó ń sáré. Àṣà náà ti pẹ́ o. Láti 1989 ni Canon ti gbé e sínú EOS 630.

Ní Ẹnuwá, èrò ti kún dẹ́nu. Ọọ̀ni máa dé Adé Àrè, tí kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọn yóò sì gba Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, lọ. Mo fi kámẹ́rà sí 1/1000, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, torí ní 1/500 pàṣán ṣì ń di èéfín. Mo fi àtàǹpàkò tẹ AF-ON, mi ò gbé e. Kámẹ́rà ń bá Lókòlókò kan bọ̀ bó ṣe ń sún mọ́ mi. Bàbá kan gbé ọmọ sí èjìká, ó fẹ́ gba iwájú mi. Mo gbé àtàǹpàkò sókè wéré, fókọ́ọ̀sì dúró síbi tó wà. Bàbá kọjá tán, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo yà á: ká, ká, ká.

Ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà fún ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá mi yà mí níwájú ààfin, mi ò sì sọ fún un nípa bọ́tìnì ẹ̀yìn. Àwòrán mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tó mọ́.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo fa àwòrán kan tóbi. Òógùn ti la ẹfun ojú Lókòlókò náà sí méjì láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó jókòó tì mí na ọrùn wò ó.

"Háà! Ọmọ Ìlódè wa nìyí!"