Tí dísìkì kọ̀ǹpútà bá ń kú lọ, ẹ kó ẹrù inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ronú àtúnṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, tí kọ̀ǹpútà ilé yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tẹ́ ẹ bá tẹ fọ́dà kan tí kò ṣí títí ara yín á fi gbóná, tó ń fúnra ẹ̀ kú tó tún ń fúnra ẹ̀ tàn, tàbí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ látinú ẹ̀, ẹ má tíì wá bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe. Ẹni tílé ẹ̀ ń jó kì í kọ́kọ́ lọ pe káfíńtà, ẹrù ló máa kó síta. Ohun tí mo sì ń rí ni pé àtúnṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa dísìkì tó ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láìpẹ́ yìí, wọ́n ní Windows ń sọ fáwọn pé káwọn fọ́máàtì dísìkì káwọn tó lè lò ó, ṣé káwọn tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má tẹ nǹkan kan o, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà ẹ̀ lára iná." Fọ́tò màmá wa ló wà níbẹ̀, gbogbo èyí tá a yà kí wọ́n tó kú, kò sì sí ẹ̀dà ẹ̀ níbì kankan. Ohun tí Windows sọ yẹn ò ní kí dísìkì ti ṣófo, ó kàn ń sọ pé òun ò rí àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi táwọn fáìlì wà ni, fáìlì fúnra ẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí. Tẹ́ ẹ bá wá fọ́máàtì ẹ̀, ẹ ti ń kọ nǹkan tuntun lé e lórí nìyẹn. chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò, táwọn èèyàn máa ń dárúkọ náà, mi ò fara mọ́ ọn rárá nígbà tí dísìkì bá ń ṣàìsàn: ètò tí fáìlì ń tò lé ló ń tún ṣe, kì í ṣe fọ́tò yín ló ń wá, tí nǹkan kan ò bá sì bá ètò yẹn mu ó lè gé e sọnù.

Dísìkì tó ń yí, àwo pẹrẹsẹ ló wà nínú ẹ̀, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yí ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń léfòó lókè àwo yẹn láìfara kàn án, àlàfo tó wà láàárín wọn kéré gan-an ju ẹyọ eruku kan lọ. (Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi gbọdọ̀ tú u nílé, bó ti wù kí yàrá yín mọ́ tó.) Tí orí yẹn bá ti ń ṣìṣe, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi wà lórí iná ló ń bà á jẹ́ sí i, Windows ò sì ní jẹ́ kó sinmi, á máa kọ tibí á máa kọ tọ̀hún lábẹ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí kọ́-kọ́-kọ́ yẹn ò bá dáwọ́ dúró, tèmi ni pé ẹ má gbìyànjú nǹkan kan nílé mọ́, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ní yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ gbé e sí fìríìsà, ẹ má dá wọn lóhùn, omi ló máa sẹ̀ sí i lára.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo, ó kàn ń lọ́ra ni. Mo yọ dísìkì yẹn, mo fi wáyà SATA sí USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux dípò Windows (dísìkì ńlá ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń fẹ́ iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, USB nìkan ò lè gbé e), mo fi smartctl, àṣẹ tó ń ka ìlera dísìkì, wò ó. Current_Pending_Sector ni kẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀, iye ibi tí dísìkì gbìyànjú kà tí kò rí kà ni, tó bá ń gòkè ẹ má fàkókò ṣòfò. Ibẹ̀ ni ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń ṣàìsàn, ti wọlé. Ó máa da gbogbo dísìkì kọ sínú fáìlì kan lórí dísìkì míì tó tóbi jù ú lọ, ibi tó bá le á fò ó, á kó gbogbo èyí tó rọrùn tán (àṣẹ àkọ́kọ́ nìyẹn) kó tó padà wá bá èyí tó le jà (ìkejì nìyẹn):

ddrescue -n /dev/sdb foto.img foto.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb foto.img foto.map

foto.map yẹn lẹ̀mí gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ ló ń kọ ohun tó ti kó àti ohun tó kù sí, tí wáyà bá já ẹ tún àṣẹ yẹn kọ, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Àmọ́ ẹ fi lsblk, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn dísìkì, wò ó dáadáa pé èwo ni sdb kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, torí tẹ́ ẹ bá ṣi dísìkì gbé, dísìkì míì lẹ máa dà kọ, fọ́tò yín ò sì ní sí nínú ẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń wo iye tó ń kó, ó ń sáré, ó já wálẹ̀ di òdo, ó dúró síbẹ̀ tí àyà mi ń já, ó fo ibẹ̀, ó tún gbéra.

Lẹ́yìn ìyẹn, orí ẹ̀dà lẹ ti máa ṣiṣẹ́, ẹ fi dísìkì yẹn sílẹ̀. TestDisk lè bá yín wá pátíṣọ̀n (ìpín kan nínú dísìkì) tó sọnù, PhotoRec á máa fi bí inú fáìlì ṣe rí dá fọ́tò mọ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, Christophe Grenier ló kọ wọ́n. PhotoRec kì í sábà rí orúkọ fáìlì o, inú recup_dir.1, recup_dir.2 ló máa kó gbogbo ẹ̀ sí, orúkọ bíi f0187264.jpg lẹ máa bá níbẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi tò ó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ṣe ìyẹn, àwọn ló mọ ọjọ́ tá a ya èyí àti ẹni tó dúró lẹ́yìn màmá nínú tọ̀hún, mi ò lè dá a ṣe láéláé.

SSD, dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí, ní tiẹ̀ ò ní pariwo, ó lè dákẹ́ lójijì, fáìlì tẹ́ ẹ bá sì pa rẹ́ lórí ẹ̀, TRIM, àṣẹ tó ń sọ fún SSD pé kó nu ibi tí fáìlì tẹ́ ẹ pa rẹ́ wà, sábà máa ń ti nù ún kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá wà lórí tiyín, ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn, ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft, torí láìsí i ẹ̀dà tẹ́ ẹ ṣe ò ní ṣeé ṣí.

Kẹ́ ẹ tó ju dísìkì àtijọ́ nù, ẹ ṣí àwọn fáìlì yẹn wò, ẹ má wo orúkọ lásán. Ibi tí ddrescue ò bá rí kà, òdo ló máa wà níbẹ̀, fáìlì á pé ní ìwọ̀n, ẹ ṣí i tán kẹ́ ẹ bá fọ́tò tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí fídíò tó dúró láàárín. Ẹ lè ní kó tún padà lọ gbìyànjú ibẹ̀ tí dísìkì bá ṣì ń mí. Èyí tó bá ti jáde dáadáa, ẹ dà á sí ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú ẹ̀ má sí nínú ilé kan náà.