Ohun tí ojú mi rí nítorí ìwé dókítà

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Bí ohùn mi bá le jù, ẹ forí jì mí.

Ibà ló mú mi. Mo wọ mọ́tò lọ sílé ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì, màmá mi sì gbé mi lọ sí kílíníkì àdúgbò wa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ibà ti pọ̀ lára mi, wọ́n sì dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé tí omi ṣì ń kán sí mi lára ni wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì oní-máàkì 20 níléèwé.

Nígbà tí mo padà, mo mú ìwé dókítà lọ bá lẹ́kúrà wa ní kíláàsì. Ẹ gbà mí! Bàbá yẹn gbé ìwé náà sókè síbi fèrèsé bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, lẹ́tà bíi mẹ́ta ló hàn. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ni dókítà kọ sí i, kò kọ ọjọ́ tí wọ́n dá mi dúró. Bàbá ní, "Ibà yín mà mọ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ká apá aṣọ mi sókè kó rí ojú abẹ́rẹ́ tó ṣì wú. Ó ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Títí mo fi padà síjòókòó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn iléèwé. Màtírọ́ọ̀nù ní, "Fáìlì rẹ dà?" Wọ́n fà á yọ: láti ìgbà tí mo wọlé ní 100 level, kò sí ìlà kan nínú rẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé ìwé dókítà ìta kò wúlò bí dókítà iléèwé kò bá fọwọ́ sí i. Kọ́ọ̀sì adváísà wa, olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà, bá mi bẹ̀bẹ̀, ilé ìwòsàn iléèwé pe kílíníkì, dókítà wọn fọwọ́ sí i, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́bọ̀. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: bí ara yín bá ti ń gbóná, ilé ìwòsàn iléèwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, kí wọ́n kọ nǹkan sí fáìlì yín, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò lọ sílé. Bí ẹ bá ti délé kó tó le, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín bá yín lọ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn iléèwé lọ́jọ́ kejì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dókítà. Ẹ tún fi sọ́kàn pé bí ẹ kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100, ìdánwò gan-an lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìwé yìí kan náà lẹ ó sì máa wá. Àwọn kan ń ra tiwọn. Èmi ò rà o! Àwọn tó ń rà á ló jẹ́ kí wọ́n máa fi tèmi wo oòrùn. Àmọ́ fáìlì, fáìlì, fáìlì ni mò ń sọ.

Lánàá, orí ń fọ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ní Panadol á ká a. Mo ti wọ bàtà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà dè é.