Ìka Wo Gan-an Ni?

Ọjọ́rú. Láàárọ̀ òní, mo gbé ìgúnpá ọ̀tún ti férémù ilẹ̀kùn, mo sì ti àyà síwájú kí iwájú èjìká lè nà, nítorí ìjókòó pípẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ ti jẹ́ kí èjìká mi tẹ̀ wá síwájú. Kò pẹ́ tí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìnrìnyìnrìn, tí wọ́n sì kú díẹ̀. Bí mo ṣe sọ apá sílẹ̀ ni ó lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìka wo gan-an ni?" Ohun tí àbúrò mi, tó ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì (fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara), kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lórí fóònù.

Àwọn iṣan ìmọ̀lára apá, ìyẹn àwọn okùn inú ara tó ń gbé iṣẹ́ lọ gbé e bọ̀ láàárín ọpọlọ àti apá, ń ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde lọ́rùn, wọ́n á gba àárín ẹran ọrùn, wọ́n á gorí egungun ìhà àkọ́kọ́, wọ́n á sì gba abẹ́ ẹran àyà kékeré kan kí wọ́n tó dé abíyá. Èyí tó ń lọ sí ọmọńdinrín tún gba ẹ̀yìn ìgúnpá. Èyí tó ń lọ sí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e gba inú ọrùn ọwọ́. Bí a bá gbé apá sókè, tí a tì í sẹ́yìn, tí ìgúnpá sì ká, àwọn ọ̀nà tóóró wọ̀nyí lè fún iṣan náà, òun fúnra rẹ̀ á sì le tantan.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí olùkọ́ eré ìdárayá ń sọ pé kí ènìyàn fara da irú èyí. Ẹran ara lè gba fífà, ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára kò fẹ́ ẹ: ìwádìí tí Lundborg àti Rydevik ṣe lára ehoro ní 1973 fi hàn pé bí ó bá fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gùn sí i, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, tó bá tó nǹkan bí ìdá 15, ẹ̀jẹ̀ á dúró.

Àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí ìgúnpá rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, kí n má sì pẹ́ níbẹ̀. Ó tún ní kí n máa ká ìgúnpá bí mo ṣe ń tẹ orí sí apá ọ̀hún, kí n sì nà án bí orí ṣe ń lọ sí òdìkejì, kí iṣan lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìsí pé a fà á. Bí ọwọ́ bá wá ń rọ, tí kíkú náà kò lọ mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ bá dá sí i, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní àtàǹpàkò àti ìka àárín òun máa ń kú lóru. Ìyẹn jọ ti ọrùn ọwọ́. Mo ti bẹ àbúrò mi kó yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé.