Òdo mẹ́rìnlá lórí owó kan ṣoṣo

Ọ̀sán àná ni mo já àpò ìwé kan tí mo ti ń retí láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, owó bébà ilẹ̀ Sìmbábúè ni ó sì wà nínú rẹ̀: ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n kọ ọdún 2008 sí lára. Mo fi ìka tọ àwọn òdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé mo kọ́kọ́ ṣì wọ́n kà. Mẹ́rìnlá gééré ni wọ́n.

Àwòrán iwájú rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ jù, àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n gorí ara wọn ní Epworth, lẹ́bàá Harare, tí ẹni tó bá rí wọn yóò rò pé atẹ́gùn díẹ̀ ni yóò bì wọ́n ṣubú. Àwọn òkúta náà ṣì wà lórí ìdúró. Owó ni ó ṣubú.

Ní ọdún 2015, nígbà tí báńkì àgbà ibẹ̀ ń gbà á padà, ogójì sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń san lórí irú èyí. Iye tí èmi rà á ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan irú owó yìí rí?