Ogún Tí Ọmọ Mi Bá Nílẹ̀ Ní Hartford

Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, n kò mọ̀ pé òfin ti ya 3,200 dọ́là sọ́tọ̀ fún un kí a tó kó o jáde. N kò fọwọ́ sí ìwé kankan. HUSKY, ètò ìlera tí ìpínlẹ̀ náà ń ṣe fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan, ló san owó ìgbẹ̀bí mi, ìyẹn nìkan sì ti tó. Gbogbo ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023 ló ní irú owó yìí lọ́wọ́ akápò ìpínlẹ̀, tí ó ń fi í dókòwò. Láti ìgbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 18 títí dé 30, bí ọmọ náà bá ṣì ń gbé ní Connecticut, tí ó sì ti gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ nípa ìṣúnná owó, ó lè fi kàwé tàbí kó fi kọ́ṣẹ́, ó lè fi ra ilé tàbí kó fi dá òwò sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì lè fi í pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Iléeṣẹ́ akápò fojú bù ú pé yóò ti wọ nǹkan bí 11,000 sí 24,000 dọ́là nígbà náà. Èmi ìyá rẹ̀ kò lè fi kọ́bọ̀ kún un, n kò sì lè mú kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi tí àwa obìnrin mẹ́wàá ti ń dá àjọ. Inú wọn dùn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kan béèrè pé, "Ṣé àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí síbí kò lè dá àjọ bíi tiwa ni, tí ìjọba fi ní láti bá wọn kówó jọ?" Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí pé èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó mọ màmá adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa.

Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan, ó fa àpòòwé ńlá kan yọ lábẹ́ ibùsùn, ó sì tú u sórí tábìlì: rìsíìtì owó ilé tí bàbá rẹ̀ san, oṣù dé oṣù, láti ọdún 1947, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bàbá náà ja ogun àgbáyé kejì. Òfin ọdún 1944 ṣèlérí ìrànwọ́ láti fi ra ilé fún àwọn sójà tó bá padà dé, ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ tí ó lọ kọ̀ láti yá a lówó. Àwọn sójà funfun tí wọ́n jọ dé ra ilé, àwọn ọmọ wọn sì jogún ilé náà. Màmá yìí jogún rìsíìtì.

Kì í ṣe pé àwọn adúláwọ̀ ibí kò tọ́jú owó. Ní ọdún 1865 ni a dá ilé ìfowópamọ́ Freedman's Savings Bank sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, wọ́n sì kó owó kékeré wọn jọ síbẹ̀. Nígbà tí ó dojú dé ní 1874, owó àwọn tó lé ní 61,000 há síbẹ̀, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Nínú ìwádìí Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 2022, ìdílé aláwọ̀ funfun tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, bí a bá to gbogbo wọn láti orí ẹni tó ní jù dé orí ẹni tó ní kéré jù, ní ohun ìní tó tó 285,000 dọ́là, ti adúláwọ̀ sì jẹ́ 44,900. Àjọ wa ló ra mọ́tò tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, n kò lè kẹ́gàn rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n inú owó oṣù la ti ń dá àjọ, ogún sì ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé ayé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi tó yẹ ni Connecticut ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3,200 kéré. William Darity àti Darrick Hamilton, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n dá irú ètò yìí lábàá, ń sọ̀rọ̀ owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní rárá.

Ohun tí n kò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn ni ti ọmọ-ọmọ-ọmọ màmá náà. HUSKY ló san owó ìgbẹ̀bí rẹ̀ bíi ti ọmọ mi, ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n bí i, nítorí náà kò sí nǹkan kan fún un. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa pé kí wọ́n sún ọjọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó lè kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ méjèèjì jọ máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn kan náà jẹ bisikíìtì.