Ọyẹ́ ti lọ, igun ẹnu mi ṣì ń ya

Níbi wòlímọ̀ kan ní Pákátà ni àṣírí mi ti tú. Ẹran kan wà lórí ìrẹsì mi, mo la ẹnu kí n gé e jẹ, igun ẹnu mi méjèèjì ya lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tó jókòó tì mí na áńkáṣíìfù sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọyẹ́ ọdún yìí ò mojú ẹnikẹ́ni." Mo rẹ́rìn-ín mọ níwọ̀n, torí ẹ̀rín gan-an ń dùn mí, mo sì gbà pé ọyẹ́ ni.

Ta ni ò ní gbà? Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ bó ṣe máa ń rí láti oṣù Kejìlá: gìgísẹ̀ á là, ọwọ́ á funfun bíi ti ẹni tó ń gbo ògì. Ètè ló sì máa ń tètè jìyà, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì ní òróró tirẹ̀ bí awọ ara yòókù ṣe ní in. Mo kọ́kọ́ ń fi báàmù tó máa ń tani lẹ́nu pa á. Ìyá ọkọ mi ní Ìgbàjà ló ní kí n jáwọ́, pé títa yẹn ló ń bó o sí i, ó wá fi òrí ránṣẹ́ sí mi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọyẹ́ kógbá wọlé. Ẹnu mi ò gbọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Gáà Àkàńbí. Bí mi ò bá fi ètè di píìnì mú, mo ń fi itọ́ rin òwú kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ló là mí lójú: "Àǹtí, ẹ ń lá ètè yín bí ajá tó ń lá egbò." Mo bá a wí, ṣùgbọ́n mo ka iye ìgbà tí mo lá a lọ́jọ́ náà, mo pa kíkà tì kí àkókò ìrun àìlà tó tó. Bí itọ́ bá ṣe ń gbẹ lára ètè ló ń fa omi awọ lọ. Ohun tí Ọlọ́run fi sínú itọ́ láti máa mú oúnjẹ dà, kò mọ̀yàtọ̀ láàárín iyán àti ètè ẹni tó ni ín. Mo gbé abọ́ omi kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fún òwú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àárín ètè jinná. Igun ẹnu kọ̀.

Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá kò tiẹ̀ wo ẹnu mi lákọ̀ọ́kọ́. Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó ní kí n yọ ahọ́n. Ahọ́n mi ń dán bíi táìlì.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì àti tíì, láìsí mílíìkì."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Àmàlà àti ewédú."

"Ẹran ńkọ́?"

"Mo máa ń bù ú fún àwọn ọmọ."

Ó wò mí. Ó wá bi mí nípa nǹkan oṣù mi, mo ní ọjọ́ mẹ́jọ ni, ó sì máa ń pọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, PCV, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣe tó hàn, jẹ́ 28. Ó ní ó yẹ kí ti obìnrin tó 36. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lóṣooṣù, ohun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ ò wọlé. Ó sì ti ń rẹ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti gbà pé bí ìyá ọmọ mẹ́ta ṣe ń rí nìyẹn.

Ó ní bí igun ẹnu bá ń ya lọ́tùn-ún lósì, ó lè jẹ́ áyọ́ọ̀nù, èròjà oúnjẹ tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ni kò tó, ó lè jẹ́ fítámínì B2, B12 tàbí fólíìkì. Àwọn àgbà tí eyín wọn ti kán, tí ẹnu wọn wọnú, máa ń ní in, torí itọ́ ń dúró síbẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà lè fà á. Fọ́ńgọ́ọ̀sì sì máa ń rí ibi tó ya náà wọ̀, ìdí nìyẹn tí òrí nìkan ò fi ràn án.

Ó fún mi ní oògùn tí mo máa fi pa igun ẹnu àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Kí n fi ọsàn tẹ̀ lé oògùn ẹ̀jẹ̀, kí n má fi tíì tẹ̀ lé oúnjẹ torí ó máa ń dí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kí n má sì fòyà bí ìgbẹ́ bá dúdú. Kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́. Mo bi í nípa wàrà, inú ẹ̀ dùn, ó ní B2 wà níbẹ̀, àmọ́ kí n jẹ́ kó jìnnà sí àkókò oògùn. Ó wá kìlọ̀ pé kí n má lọ kó fítámínì jọ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn: fítámínì A tó bá pọ̀ jù fúnra ẹ̀ máa ń bó ètè.

Oṣù méjì rèé, PCV ti di 34. Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó tún fi òrí ránṣẹ́. Ó di ẹ̀dọ̀ dídín mọ́ ọn, ó sì ní kí awakọ̀ sọ fún mi pé: "Tìyàwó mi nìyí. Bí ọmọ kankan bá tọ́ ọ wò, màá bọ̀ wá sí Ìlọrin."