Ẹ Wá Onílù Lọ

Àwọn ọmọ wa tó bá ti Èkó wálé fún ìsinmi oṣù Kẹjọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: níbo lèèyàn ti lè rí olórin tó ń kọrin lójúkojú ní Àkúrẹ́ yìí? Google ni wọ́n á ti kọ́kọ́ bi, á sì dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì méjì mẹ́ta fún wọn. Èmi ò ní kí wọ́n má lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin gidi nílùú wa, onílù ni kó wá lọ.

Wọn ò sì ṣòroó rí. Ọ̀rinrin àsìkò òjò máa ń mú awọ ìlù dẹ̀, gángan tí awọ rẹ̀ bá sì ti dẹ̀ ò lè fọhùn. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ máa wo ìdí iná àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tó ń yí ojú ìlù sí ooru díẹ̀díẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú jẹ́jẹ́, tó tún ń tẹ́tí, ọwọ́ yín ti bà á. Ẹ ra àgbàdo fún un. “Ọmọ Àyàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo là ń lọ lálẹ́ òní?” Á sọ fún yín, á sì tún fi kún un bóyá ọ̀gá wọn máa ń tètè dé.

Ẹni tójú bá ń tì, kó tan rédíò Adaba tàbí Positive FM kó fetí sí ìkéde òde. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́rin ni, ẹ jẹun yó kí ẹ tó jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Olórin á kì yín, á pe baba ńlá yín, orí yín á wú. Ẹ rọra. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà ká lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín sí 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ fi í sínú àpòòwé, ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́. Oríkì yín ò ní tìtorí ẹ̀ kúrú.

Eré orí ìtàgé ló ṣọ̀wọ́n, pàápàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọlé. Ẹ yà sí Adegbemile, gbọ̀ngàn àṣà ìlú wa, láàárọ̀, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́nu géètì. Bí àwọn oníjó bá ń dánra wò, ẹ ó ti máa gbọ́ ìlù wọn kí ẹ tó wọlé.

Ní tèmi o, eré tó dùn jù ò gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá lè dúró di oṣù Kẹsàn-án, kó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ọdún Igogo, èyí tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Lásìkò ọdún náà, ìlù ò gbọdọ̀ dún. Agogo irin ni wọ́n ń lù kiri ìgboro, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun, á múra bí obìnrin, á sì jó. Ẹ fi fìlà àti gèlè sílé o, wọn ò fẹ́ wọn lójú agbo.